Baba Sala: Bí 'Ọ̀run Móoru' ṣe kó gbajúmọ̀ aláwàdà sí gbèsè

Ariwo táwọn tó ń ṣe fíìmù ń pa lórí ọjà Alaba, ní Ọ̀jọ́, nípìnlẹ̀ Èkó, ti pẹ́ létí aráàlú. Láyé kásẹ́ẹ̀tì àti síídì, ẹni tó bá ti Iba tàbí Okokomaiko wá sọ́jà náà máa ń bá ojúlówó àti ayédèrú fíìmù lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n kí òwò fíìmù fídíò tó gbilẹ̀ níbẹ̀ láwọn ọdún 1990 ni àwọn olè ti ṣe Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Baba Sala, lọ́ṣẹ́.

Ta ni kò mọ Baba Sala nígbà náà? Ọmọ Iléṣà ni. Olórin ni kó tó di aláwàdà. Kódà, abẹ́ rẹ̀ ni Sunny Adé ti ta gìtá kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n WNTV n'Ìbàdàn ni òkìkí rẹ̀ kàn. Bó bá ti yọ pẹ̀lú awò ojú ràbàtà àti aago ńlá tó gbé kọ́rùn, kò tíì sọ̀rọ̀ tí ẹ̀rín yóò fi sọ. Ìlú dé ìlú ni ẹgbẹ́ Aláwàdà ń lọ, owó sì ń wọlé.

Lọ́dún 1982 ló gbé 'Ọ̀run Móoru' jáde, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan tí oníjìbìtì sọ di òtòṣì ni, tó fẹ́ para rẹ̀, tí wọ́n sì ní ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé lọ́run. Owó tó yá ní báńkì wà nínú iṣẹ́ náà.

Fíìmù ayé ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà lọ sílé. Ẹni tó ni ín ló ń gbé e káàkiri, tó ń háyà gbọ̀ngán, tí èrò yóò sì sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò tíì wò ó lowó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àfi bí àwọn kan ṣe dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, tó tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́. Ta ni yóò tún wá sanwó ní gbọ̀ngán, nígbà tó ti wò ó tán ní pálọ̀ aládùúgbò? (Bóyá àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa náà wà ní irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀.) Èrò fà sẹ́yìn, gbèsè báńkì dúró.

Bàbá kò jókòó sílé. Ó tún ṣe 'Ààrẹ Àgbáyé' àti 'Mosebọ́látán', ṣùgbọ́n ọgbẹ́ 'Ọ̀run Móoru' kò jinná bọ̀rọ̀. Ọdún 1988, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí fíìmù náà jáde, ni ìjọba ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà.

Baba Sala gbájú mọ́ iṣẹ́ ìjọ nígbà ogbó rẹ̀. Ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún 2018 ló jáde láyé n'Iléṣà.