LẸ́TÀ LÁTI OJÚ OGUN

Ẹni tí ó dé ojú ogun ni ó mọ bí ogun ti rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí jagunjagun bá rí ni a ń jẹ́ kí ó sọ.

Ní ọdún 1943, a fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí ilẹ̀ Índíà, kí wọ́n lè ti ibẹ̀ lọ bá àwọn ará Jàpáànù jà ní ilẹ̀ Bọ́mà. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ ìwé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìyá tàbí aya rẹ̀ gbúròó òun a tọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó mọ̀wé lọ; òun a máa wí, èkejì a máa kọ. Bí lẹ́tà náà bá sì dé abúlé, wọn a wá tíṣà tàbí ọmọ ilé-ìwé tí yóò kà á.

Ojú mìíràn tún wà láàárín. Kí lẹ́tà tó kúrò ní ibùdó, ọ̀gá ológun a kọ́kọ́ kà á. Bí ó bá rí orúkọ ibi tí wọ́n wà, tàbí ọjọ́ tí wọn yóò ṣí, a pa á rẹ́. Èyí kì í ṣe ìkà. Àwọn àgbà ní, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n: bí ọ̀tá bá gbọ́ ọ̀nà tí ogun yóò gbà, yóò ba sílẹ̀ dè é.

Síbẹ̀, òtítọ́ púpọ̀ ni lẹ́tà kò lè gbé. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ogun ní ọdún 1942, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, ìbọn bà á ní àfonífojì Kaladan. Àwọn ará abúlé kan ni wọ́n fi òun àti ará Sàró kan pamọ́ títí di oṣù Kejìlá. Ọdún 1999 ni a tó tẹ ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀ jáde.

Lẹ́yìn náà ni íntánẹ́ẹ̀tì dé, tí ọmọ ogun lè fi ìròyìn ránṣẹ́ sí gbogbo ayé ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rù àtijọ́ kò tìtorí èyí lọ: ní ọdún 2007, nígbà ogun Ìráàkì, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà gba àṣẹ pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ohun tí wọ́n bá fẹ́ gbé síbẹ̀ lọ ọ̀gá wọn.

Nítorí náà, ó yẹ kí jagunjagun pa ohun tí ó lè pa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí ogun bá tán, kí ó má ṣe jẹ́ kí ìtàn náà bá òun wọ sàréè.