Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Símẹ́ǹtì kọ́ ni oògùn ògiri alámọ̀

Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ ṣì wà káàkiri Ọ̀fà. Bí ara rẹ̀ bá ń bó, símẹ́ǹtì mìíràn ni onílé máa ń wá, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Amọ̀ máa ń fa omi látinú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì gbẹ ẹ́. Símẹ́ǹtì ni kì í jẹ́ kí omi náà ráyè jáde. Ẹ fi ìka kan ògiri náà: bó bá ń dún bí akèrègbè òfìfo, símẹ́ǹtì ti ṣí kúrò lára amọ̀ nìyẹn. Ní 1967, wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ San Francisco de Asís ní New Mexico, Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di 1979, wọ́n ti ń ha á kúrò, torí omi ti ń jẹ ògiri nínú.

Amọ̀ ni ká fi rẹ́ ògiri alámọ̀. Ẹ lè ní òjò á fọ ọ́ lọ. Òótọ́ ni, ọdọọdún ni wọ́n ń tún mọ́ṣáláṣí Djenné ní Mali rẹ́. Àmọ́ páànù tó yọ síta dáadáa ló ń gba ògiri lọ́wọ́ òjò. Ẹ kọ́kọ́ dí ibi tó ń jò, ẹ la ojú àgbàrá kúrò nídìí ilé, kẹ́ ẹ tó po amọ̀, iyanrìn àti koríko gbígbẹ láti fi rẹ́ ẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ògiri bá ti là látòkè délẹ̀, ẹ má dá a ṣe o. Ẹ pe bíríkìlà.