Ṣé Lóòótọ́ Ni Àkókò Jẹ́ Owó?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó wọ́pọ̀ lára ògiri ilé-ẹ̀kọ́ àti lẹ́nu àwa olùkọ́: "Àkókò lowó." Èmi pàápàá ti sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n pẹ́ dé kíláàsì ju iye ìgbà tí mo lè kà lọ. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn tí mo ń bá wí dìde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí àkókò bá jẹ́ owó, ṣé ènìyàn lè yá a, kí ó sì dá a padà?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá mi délé. Nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àṣà ni a máa ń gbé yẹ̀ wò lójú ewé yìí, mo rò pé ó yẹ kí á wá ìdáhùn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn baba wa. Kí ni wọ́n ka àkókò sí? Irú òwò wo ni wọ́n sì fi ṣe?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀. Benjamin Franklin, òǹtẹ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní ọdún 1748 sínú ìmọ̀ràn kan tí ó fún ọ̀dọ́ oníṣòwò. Ìṣirò tí ó ṣe nìyí: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ lè mú ṣílè mẹ́wàá wọlé lójúmọ́, tí ó wá fi ìdajì ọjọ́ náà ṣeré, kí ó má ṣe rò pé sísì tí òun ná nídìí eré náà nìkan ni òun pàdánù. Ó ti sọ ṣílè márùn-ún nù pẹ̀lú rẹ̀. Ìṣirò náà gún. Kò sí oníṣòwò kan, ì báà ṣe ní Dùgbẹ̀ tàbí ní Ọjà Ọba, tí kò ní gbà pé òótọ́ ni. Ohun tí a ní láti wádìí ni bóyá gbogbo òótọ́ ni.

YORÙBÁ ÀTI ÌṢIRÒ ỌJỌ́

Àwọn kan ti sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀ pé aláwọ̀ dúdú kò mọ iyì àkókò. Bí òde bá pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, wọn a ní ìṣe wa ni. Èébú ni, kò sì yẹ kí á máa fi èébú ara wa ṣe àwíjàre. Èdè wa lòdì sí i. Ta ni ó tún pín ọjọ́ sí wẹ́wẹ́ tó Yorùbá? Ìdájí wà, àfẹ̀mọ́júmọ́ wà, kùtùkùtù, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́, àṣálẹ́, títí dé ọ̀gànjọ́ òru. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ni ó ní ìkíni tirẹ̀. Ọmọ tí ó bá kí àgbà ní "ẹ káàárọ̀" nígbà tí oòrùn ti kan àtàrí, wọn yóò bi í bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Ẹ tún wo ìṣẹ́jú: bí ojú ṣe ń ṣẹ́ ni a fi sọ ọ́ lórúkọ, kí a tó wá fi ojú àáyá wọn èyí tí ó kéré sí i. Aago tí a ń wò lónìí náà, orúkọ agogo tí a ń lù ni ó jogún.

Ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ wa jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, àti ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó. Ṣùgbọ́n nítorí pé a máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ èyí tí a parí sí, ọrún ni a ń pè é. Bákan náà ni ìtàdógún, tí orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí mẹ́tàdínlógún, jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún géérégé, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Orí ìṣirò yìí ni ọjà wa dúró lé. Ẹni tí ó bá ṣi ọjọ́ ọjà kà, igbá ẹrù rẹ̀ yóò padà wálé ní kíkún. Nítorí náà, àwọn baba wa mọ̀ dájú pé àkókò àti owó jọ ń rìn.

ỌJỌ́ FÚN ỌJỌ́

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n jẹ́ kí owó wà láàárín. Ẹ wo àáró. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ a kóra jọ: lónìí, gbogbo wọn wà lóko Àjàó, lọ́la, wọ́n di oko Òjó. Ẹni tí a bá ṣiṣẹ́ fún jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n kò sí iye owó tí ó lè kó sílẹ̀ tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ ni ó jẹ, ọjọ́ ni yóò fi san án. Bí ara rẹ̀ kò bá le, ó lè rán ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀, nítorí ènìyàn ni a ń retí, kì í ṣe àpò owó.

Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bá pọ̀ fún, bí ilé mímọ tàbí oko ńlá, a bẹ àwọn ènìyàn lọ́wẹ̀, a sì fi oúnjẹ àti ohun mímu ṣe wọ́n lálejò. Ọkùnrin tí ń wá ìyàwó pẹ̀lú a kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ lówó tí ó lè fi gba alágbàṣe, kò ní fi í rọ́pò ara rẹ̀, nítorí àna fẹ́ fojú rí ẹni tí yóò fẹ́ ọmọ òun.

OWÓ TÍ KÒ GBA ÈLÉ

Èsúsú ni a ó gbé yẹ̀ wò tẹ̀ lé e. Ká sọ pé ènìyàn mẹ́wàá ń dá ₦5,000 lóṣooṣù. Ẹnìkan yóò kó ₦50,000 ní oṣù kìn-ín-ní, ẹlòmíràn yóò dúró di oṣù kẹwàá kí ó tó kó iye kan náà. Lójú ilé ìfowópamọ́, ẹni àkọ́kọ́ yá owó, ó sì yẹ kí ó san èlé. Ẹni ìkẹyìn ni wọ́n yá lówó, ó sì yẹ kí ó jẹ èrè. Èsúsú kò mọ ìyẹn. Àkókò tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ní iye. Ohun tí ó so ó ró ni ìfọkàntán àti ìtìjú, ìdí sì nìyí tí ẹni tí ìṣòro bá dé bá fi lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kó o. Àwọn ènìyàn wa gbé àṣà yìí kọjá òkun: ní Trinidad, "susu" ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ títí di òní.

Àjọ ni ó fara jọ ọ̀rọ̀ Franklin. Alájọ a máa gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò lójoojúmọ́. Nígbà tí oṣù bá parí, a kó owó fún oníkálukú, a sì yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè iṣẹ́ rẹ̀. Owó ọjọ́ kan fún ìtọ́jú oṣù kan: níhìn-ín, a fi ọjọ́ wọn owó, ẹnikẹ́ni kò sì ráhùn.

ÌWỌ̀FÀ

Ibi tí Yorùbá ti sọ àkókò di owó pátápátá ni ìwọ̀fà, ibẹ̀ ni ó sì ti yẹ kí á kọ́gbọ́n jù lọ. Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé àṣà náà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní 1897, tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ẹni tí ó bá yá owó a fi ara rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, sin olówó. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà, ó ní ilé àti oko tirẹ̀. Apá kan nínú ọjọ́ rẹ̀ ni olówó ń gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti korò. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín gbèsè kù. Èlé ni. Bí ẹnìkan bá yá ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 owó ẹyọ, tí ó sì sin olówó fún ọdún mẹ́wàá, ọ̀kẹ́ kan náà pérépéré ni ó ṣì jẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọdún kẹwàá pé. Ọmọ tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀fà ní kékeré lè di géńdé sídìí gbèsè tí kò jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí ìdílé bá sì rí owó san nígbẹ̀yìn, olówó yóò gba owó rẹ̀ pé, kò ní dín ẹyọ kan. Ta ni yóò dá ọdún mẹ́wàá padà fún ọmọ? Àṣà náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ mi sì wà nínú rẹ̀: a lè fi àkókò yá owó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè dá àkókò padà.

ÀKÍSÀ ÀGBÀ

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí ná Èkó sí Ìbàdàn ní 1901, tí iṣẹ́ ìjọba sì ń gbilẹ̀, àwọn ènìyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí ta wákàtí wọn. Alágbàṣe a máa gbowó nítorí iye ebè tí ó kọ. Akọ̀wé a máa gbowó nítorí pé ó jókòó láti aago báyìí sí aago báyìí. N kò bú u. Owó oṣù ni èmi náà ń jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti fi òwe kan pààlà sí ọ̀rọ̀ yìí: bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Owó ni a fi ń ra aṣọ, a sì lè rà á tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọdún ni ó ń sọ aṣọ di àkísà. Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá mi nílé, tí mo sì ń sọ lọ́kàn ara mi pé mo ń ṣe ojúṣe mi. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí n ráyè lọ. Nígbà tí mo wá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú gèlè kan jáde, wọ́n sì tú u lé mi lọ́wọ́. Owó tí mo fi ránṣẹ́ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Wọ́n ní: "Àkànní, mo rò pé owó ọkọ̀ ni kò jẹ́ kí o wá, ni mo bá ń bá ọ kó o jọ."

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe pẹ́ dé kíláàsì nítorí èyí. Àkókò olùkọ́ àti ti ẹlẹgbẹ́ yín ni ẹ ń jẹ, ẹ kò sì ní lè san án. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ gbé lọ sẹ́yìn odi, owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ dára, ẹ má dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àáró: gbèsè kan wà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ nìkan ni a fi ń san án. Ní tèmi, mo ti pa ọ̀rọ̀ ara ògiri kíláàsì mi rẹ́. Òwe àkísà ni mo kọ síbẹ̀.