Òfin Tí Kò Yé Adájọ́ Kò Yẹ Kí Ó Ti Ènìyàn Mọ́lé

Àwọn àgbà wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, kí a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí ó bá wá hàn gbangba pé ẹgba tí a nà án pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni ó ti ń da àwọn ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà láàmú láti ọdún 2015.

Ní ilẹ̀ náà, ẹni tí ó bá ti jẹ̀bi ọ̀ràn ńlá rí kò gbọdọ̀ ní ìbọn lọ́wọ́ mọ́. Títí di ọdún 2022, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni ó pọ̀ jù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1984 wí pé bí ó bá ti jẹ̀bi ìwà ipá tàbí òwò oògùn olóró tí ó wúwo ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 15. Àwa kò bá èrò yìí jà. Ẹni tí a ti jẹ níyà ní ẹ̀ẹ̀mẹta tí ó tún gbé ìbọn yẹ ní ẹni tí ará ìlú ń bẹ̀rù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Òfin náà dárúkọ fífọ́ ilé, dídáná sun ilé, fífi ipá gba owó àti lílo ohun abúgbàmù. Lẹ́yìn náà ni ó fi kún un pé ìwà mìíràn tí ó bá lè mú ewu ńlá bá ara ẹlòmíràn wà lára ìwà ipá. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọ̀gá yín bá kọ ọ́ sára pátákó pé ẹgba 15 ni ti ìjà, ti olè jíjà, àti ti ‘ìwà mìíràn tí ó jọ wọ́n’, ǹjẹ́ olùkọ́ méjì lè dá ẹjọ́ náà bákan náà? Ní ọdún 2008, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ wí pé fífi ọtí wa ọkọ̀ kò sí lára wọn. Ní ọdún 2011, ó ní fífi ọkọ̀ sá fún ọlọ́pàá wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2015, nínú ẹjọ́ Johnson, ilé ẹjọ́ náà pa gbólóhùn yìí rẹ́ pé kò ní ìtumọ̀ tí ó dájú. Adájọ́ Antonin Scalia ni ó kọ ìdájọ́ náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, nínú ẹjọ́ Welch, wọ́n wí pé ìdájọ́ náà kan àwọn tí ó ti wà lẹ́wọ̀n pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọdún kan péré láti ọjọ́ ẹjọ́ Johnson ni òfin fún wọn láti bẹ̀bẹ̀. Oṣù méjì ó lé díẹ̀ ni ó kù.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti ọdún 2023. Ní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ ti wí pé agbẹjọ́rò ìjọba gbọdọ̀ fi hàn pé ẹni tí a ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ mọ̀ pé òun wà lára àwọn tí òfin kà á léèwọ̀ fún. Ẹlẹ́wọ̀n kan di ìdájọ́ yìí mú. Adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ní ó ti lo àǹfààní ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé nítorí ìtumọ̀ òfin ni ó ṣe padà wá, kì í ṣe nítorí òfin ìpìlẹ̀. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Àwọn kan yóò wí pé ẹjọ́ gbọdọ̀ ní òpin, pé ẹni tí ọ̀daràn ti pa lára náà fẹ́ ìsinmi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n títún ìdájọ́ gbé yẹ̀ wò kì í ṣe ìdásílẹ̀. Ẹni tí ó ní ọ̀ràn mẹ́ta tí òfin dárúkọ yóò dúró síbi tí ó wà. Ẹni tí a fi gbólóhùn òfìfo dè yóò san gbèsè tí ó jẹ gan-an, kò ní san ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn aṣòfin ni wọ́n kọ ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni. Kò tọ́ kí ẹlẹ́wọ̀n máa fi ọjọ́ ayé rẹ̀ san àṣìṣe wọn. Àwọn náà ni ó yẹ kí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn tí adájọ́ tì. Olùkọ́ tí ó bá ṣi máàkì fún ọmọ a máa tún un ṣe, bí sáà ẹ̀kọ́ tilẹ̀ ti parí. Ìjọba kò gbọdọ̀ ṣe kéré sí i.