Síkì Agbedeméjì àti Amúbàtà Rẹ̀: Wíwá Ọ̀rọ̀ Tí Ó Bá Iṣẹ́ Mu

Nínú èdè àwọn ará Nọ́wè ayé àtijọ́, igi tí wọ́n fi àáké là ni wọ́n ń pè ní skíð. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni ski ti wá, tí ó sì tàn dé èdè Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì. Àwọn ará Pọtogí sọ ọ́ di esqui, àwọn ará Sípéènì sọ ọ́ di esquí, ṣùgbọ́n àwọn ará Finland di ọ̀rọ̀ tiwọn mú, èyí tí í ṣe suksi. Kò sí ohun tí ó burú bí Yorùbá náà bá yá a lò gẹ́gẹ́ bí síkì, nítorí pé pákó gígùn méjì tí ènìyàn ń so mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí òjò dídì kò sí nínú ohun èlò àbáláyé ilẹ̀ Yorùbá tí ìbá fi ti ní orúkọ. Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí síkì ká: orúkọ oríṣiríṣi òjò dídì, orúkọ ìrísí pákó náà, àti orúkọ ohun èlò tí ó di bàtà mú sí orí rẹ̀. Nínú àwọn wọ̀nyí, ọ̀kan wà tí àṣìṣe nínú ìtumọ̀ rẹ̀ lè ṣẹ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà tó bí ó ti lè dà lójú ẹni tí kò tí ì ronú sí i. Ní ọdún 1914 ìbá jẹ́ àwàdà; ní ọdún 2014 kì í ṣe àwàdà mọ́, nítorí pé Alessia Afi Dipol fi síkì sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ní orúkọ ilẹ̀ Tógò níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní Sochi. Nàìjíríà fara hàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ní PyeongChang ní 2018, Samuel Ikpefan sì gbé síkì fún un ní Beijing ní 2022. Síkì tí Ikpefan lò jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó wà fún ìrìn gígùn. Èyí tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni síkì onígbòòrò tí wọ́n fi ń sọ̀ láti orí òkè gíga, irú èyí tí àwọn oníṣòwò ń polówó gẹ́gẹ́ bí síkì gbogbo òkè.

Òjò dídì kì í ṣe ẹyọ kan

Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ti ya òjò dídì sọ́tọ̀ kúrò lára yìnyín. Òjò dídì ni èyí tí ń já bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí òwú. Yìnyín ni èyí tí ń já bọ́ bí òkúta wẹ́wẹ́, tí ó sì máa ń já bọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá pàápàá nígbà tí òjò ìjì bá rọ̀. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń da méjèèjì pọ̀, tí wọ́n ń pe ohun gbogbo tí ó tutù tí ó sì funfun ní yìnyín. Ẹni tí ó bá fẹ́ yan síkì kò lè fara mọ́ ìdàpọ̀ yìí, nítorí pé ohun àkọ́kọ́ tí olùtà yóò bi í ni irú òjò dídì tí ó fẹ́ máa yọ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn Sámi tí ń da àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù ní àríwá Nọ́wè, Sweden àti Finland kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Muohta ni wọ́n ń pe òjò dídì lápapọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, tí ó ṣì fẹ́lẹ́, ni vahca. Èyí tí atẹ́gùn ti gbá jọ títí tí ó fi le ni čearga. Èyí tí ojú rẹ̀ dì gbagidi tí ó lè gba ènìyàn ró ni cuoŋu. Èyí tí omi ti kún ni soavli. Ohun tí ó kan iṣẹ́ wọn ni wọ́n fún lórúkọ.

Yorùbá náà ní ohun tí ó lè fi ṣe irú iṣẹ́ yìí, kò sì ní láti wá a lọ sí òkèèrè. Ẹni tí ó ti fọwọ́ kan ẹ̀lùbọ́, gàrí àti ògì ti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín lẹ́búlẹ́bú, oníhóró àti ṣìkìṣìkì. Òjò dídì titun tí ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀ lè jẹ́ òjò dídì ẹlẹ́lùbọ́. Èyí tí oòrùn ń yọ́ lọ́sàn-án, tí òtútù sì ń dì lóru, títí tí ó fi di hóró-hóró ní ìgbà ìrúwé ilẹ̀ òtútù, ni onígàrí. Òun ni àwọn tí ó mọ̀ nípa síkì fẹ́ràn jù ní àárọ̀. Bí ọ̀sán bá pọ́n, onígàrí yóò di ológì. Èyí tí ojú rẹ̀ dì, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ rọ̀, ni eléèépá, nítorí pé ó dà bí ojú egbò tí ó ń gbẹ: ó lè gbani ró fún ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kí ó ya ní ìkẹrin. Omi dídì ni èyí tí ó le bí gíláàsì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní irú ọ̀rọ̀ báyìí kò níyì tó fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, kí ó rántí pé Spatula, orúkọ ohun èlò ilé ìdáná, ni wọ́n fún síkì kan tí ó yí gbogbo iṣẹ́ yìí padà, èyí tí a óò rí níwájú.

Yíyan síkì

Síkì ní orí, ìbàdí àti ìrù. Orí àti ìrù rẹ̀ gbòòrò ju ìbàdí lọ, gẹ́gẹ́ bí gángan tí wọ́n tẹ̀ pẹrẹsẹ. Ìfúnbàdí yìí ni ó ń mú kí síkì yípo fúnra rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ ilẹ̀. Kì í ṣe ohun titun: Sondre Norheim ti Morgedal ní agbègbè Telemark, ẹni tí ó kú ní 1897, ti ń lo síkì tí ìbàdí rẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ìfúnbàdí tí ó hàn gbangba kò wọ́pọ̀ títí di ìgbà tí ilé iṣẹ́ Elan ti ilẹ̀ Slovenia gbé SCX jáde ní 1993.

Ìbú ìbàdí ni òǹkà tí olùrà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè. Síkì tí wọ́n fi ń sáré ìje oníyíyípo kò ju nǹkan bí mìlímítà 65 sí 70 lọ ní ìbàdí. Síkì tí wọ́n ṣe fún òjò dídì ẹlẹ́lùbọ́ nìkan lè kọjá 115. Èyí tí ó wà fún oríṣiríṣi òjò dídì sábà máa ń wà láàárín 95 àti 105. Ìṣirò kékeré kan yóò fi ìdí rẹ̀ hàn. Ènìyàn tí ó wọn kílò 75, tí ó wọ bàtà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 ní gígùn àti 10 ní ìbú, ń tẹ ilẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí gíráàmù 125 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá gun síkì méjì tí gígùn wọn jẹ́ 180 tí ìbú wọn sì jẹ́ 11, ìwọ̀n náà yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí 19. Ìdí nìyí tí kì í fi í rì.

Ohun tí ìbú fún ènìyàn lórí ẹ̀lùbọ́, ó ń gbà á padà lórí omi dídì. Etí irin tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ síkì ni ó ń gé ojú ibi tí ó le. Bí ìbàdí bá jẹ́ mìlímítà 70, etí yìí jìnnà sí àárín ẹsẹ̀ ní 35. Bí ó bá jẹ́ 100, ó di 50. Ọrùn ẹsẹ̀ àti orúnkún ni yóò ru ìyàtọ̀ náà, bíi ti ẹni tí ó di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú láti ibi tí kò dára. Yóò sì pẹ́ kí ó tó lè yí láti etí kan sí èkejì. Nítorí náà, orúkọ náà síkì gbogbo òkè kì í ṣe òtítọ́. Kò sí síkì kan tí ó dára jù níbi gbogbo. Síkì agbedeméjì ni ó yẹ kí wọ́n máa pè é, kí olùrà lè mọ̀ pé ohun tí ó ń rà ni èyí tí kò já a kulẹ̀ pátápátá níbìkankan. Ẹni tí ó jẹ́ pé orí ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ le ni ó ń lò jù, kí ó yàn ní apá 95 tàbí kí ó tilẹ̀ dín sí i; ẹni tí ó ń kúrò lójú ọ̀nà lọ́jọ́ tí òjò dídì bá rọ̀, kí ó lọ sí apá 105.

Ìtẹ̀ rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá gbé síkì àtijọ́ sílẹ̀, àárín rẹ̀ yóò gbéra díẹ̀, tí orí àti ìrù yóò fara kan ilẹ̀, bí ọrun ọdẹ tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ìtẹ̀-ọrun ni èyí, òun ni ó sì ń jẹ́ kí etí irin di omi dídì mú láti orí dé ìrù. Ìtẹ̀ kejì ni tí ọkọ̀ ọ̀sà: orí àti ìrù gbé sókè, àárín sì jókòó. Shane McConkey ni ó sọ ìtẹ̀-ọkọ̀ di ohun tí ayé gbà. Ó rò ó pé òjò dídì tí ó jìn sún mọ́ omi ju bí ó ti sún mọ́ ilẹ̀ lọ, ó sì fi síkì orí omi dán an wò lórí òkè ní Alaska. Ní 2002 ilé iṣẹ́ Volant gbé Spatula rẹ̀ jáde. Síkì agbedeméjì òde òní pa méjèèjì pọ̀: ọkọ̀ ni ní orí, díẹ̀ ní ìrù, ọrun sì ni lábẹ́ ẹsẹ̀. Nítorí pé orí tí ó gbéra náà kì í fara kan ibi tí ó le, síkì bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe bí ẹni pé ó kúrú. Èyí ni wọ́n ṣe ń gba ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò nímọ̀ràn láti mú èyí tí ó ga tó orí rẹ̀, tí wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní èyí tí ó mọ ní àgbọ̀n tàbí imú.

Kí ẹni tí ń túmọ̀ ìwé ìpolówó ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀pọ̀ síkì ní awẹ́ irin fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní Titanal lókè àti nísàlẹ̀ igi inú rẹ̀. Irin yìí kì í ṣe títáníọ́mù. Alumíníọ́mù tí wọ́n pò mọ́ irin mìíràn ni. Ó ń mú kí síkì dúró ṣinṣin, ó sì ń mú kí ó wúwo. Yóò tún kan ihò tí wọ́n máa lu.

Amúbàtà

Ohun èlò tí ó di bàtà mú sí orí síkì ni èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ìdè. Bí Yorùbá bá tẹ̀ lé e, tí ó pè é ní ìdè, ohun tí yóò wá sí ọkàn òǹkàwé ni ẹlẹ́wọ̀n: ohun tí ó dára tó bí kò bá ti lè tú. Ní àtijọ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Ọ̀já, awọ àti okùn irin kì í jọ̀wọ́ ẹsẹ̀, egungun ojúgun ni ó ń san gbèsè náà. Ní 1937 Hjalmar Hvam, ọmọ Nọ́wè tí ó ń gbé ní Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon, ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lórí òkè Hood. Ohun tí ó jáde láti inú ìpalára náà ni ohun èlò kan tí ń jọ̀wọ́ bàtà nígbà tí ẹsẹ̀ bá lọ́, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1939.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ méjì tí ó ta ko ara wọn ni ohun èlò yìí ń ṣe: kí ó mú bàtà, kí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lásìkò. Amúbàtà ni orúkọ tí ó tọ́ sí i, kí iṣẹ́ kejì sì máa jẹ́ ìjọ̀wọ́, láti inú ọ̀rọ̀ tí ẹni tí wọ́n di lọ́wọ́ mú máa ń sọ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ òun. Òǹkà ìjọ̀wọ́ ni nọ́ńbà tí wọ́n ń yí lórí rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, DIN ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé DIN jẹ́ òṣùwọ̀n. Orúkọ àjọ ìwọ̀n àti ìlànà ilẹ̀ Jámánì ni. Àtẹ àgbáyé ISO ni wọ́n ń lò láti mọ òǹkà yìí, nípa wíwo ìwọ̀n ara, gíga, ọjọ́ orí, gígùn ìsàlẹ̀ bàtà, àti bí ènìyàn ṣe ń sáré tó. Ẹni tí ó ti pé 50 ọdún ń gba òǹkà tí ó rẹlẹ̀ sí ti ọ̀dọ́. Bí ìsàlẹ̀ bàtà bá sì ṣe gùn sí i ni òǹkà ń dín kù. Kì í ṣe ọ̀ràn akin: ẹni tí ó bá yí i sókè kí wọ́n lè rí i bí ọ̀gá ń fi ojúgun rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Síbẹ̀, ìjọ̀wọ́ kò lè gba gbogbo ara là. Ó ti dín ṣíṣẹ́ ojúgun kù gan-an, ṣùgbọ́n iṣan inú orúnkún ṣì ń já.

Kíkàn án mọ́ síkì jẹ́ iṣẹ́ káfíńtà, ṣùgbọ́n káfíńtà tí kò lè ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n tó lu ihò kankan, wọn yóò rí i pé irú ìsàlẹ̀ bàtà náà bá amúbàtà mu, àti pé apá bíréèkì rẹ̀ gbòòrò tó láti kọjá ìbàdí síkì; fún ìbàdí 100, bíréèkì 100 sí 110 ni ó yẹ. Ìlà wà lójú síkì tí ẹni tí ó ṣe é fi sí i, àmì sì wà ní ẹ̀gbẹ́ bàtà ní àárín gígùn rẹ̀. Kí àmì bọ́ sórí ìlà. Bí wọ́n bá sún bàtà síwájú, síkì yóò tètè yí, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ yóò fẹ́ rì nínú ẹ̀lùbọ́; bí wọ́n bá sún un sẹ́yìn, orí yóò léfòó, yíyí yóò sì di iṣẹ́. Fún ẹni tí ń lo oríṣiríṣi òjò dídì, orí ìlà náà ni ó dára jù.

Ìwọ̀n bíìtì sábà máa ń wà lára síkì fúnra rẹ̀: mìlímítà 3.5 fún èyí tí kò ní irin nínú, 4.1 fún èyí tí ó ní Titanal, jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 9. Bíìtì gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò dá a dúró, nítorí pé èyí tí ó bá jìn jù yóò ti ìsàlẹ̀ síkì jáde. Níbi tí irin bá wà, wọn yóò kọ́kọ́ gé ojú ọ̀nà síkúrù sínú rẹ̀. Gúlúù igi yóò wọ inú ihò ṣáájú síkúrù kí omi má baà wọlé jẹ igi inú. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò ti bàtà bọ̀ ọ́, wọn yóò ṣètò bí ìdajì ẹ̀yìn ṣe ń ti bàtà síwájú, wọn yóò yí òǹkà ìjọ̀wọ́ sí ibi tí àtẹ wí, wọn yóò sì gbé e sórí ẹ̀rọ tí ń dán ìjọ̀wọ́ wò.

Bí olówó rẹ̀ bá ra bàtà mìíràn tí gígùn rẹ̀ yàtọ̀ ju ohun tí amúbàtà lè sún dé, ihò titun ni wọn yóò lu. Kí àárín ihò titun jìnnà sí ti àtijọ́ ní mìlímítà 10 ó kéré tán, kí wọ́n sì fi èèkàn kékeré àti gúlúù dí ti àtijọ́. Bí kò bá sí àyè fún èyí, wọn yóò wá amúbàtà tí ètò síkúrù rẹ̀ yàtọ̀, tàbí kí wọ́n fi síkì náà sílẹ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ihò àkọ́kọ́ mu.