Ìkànnì tí Olè Yọ́ Wọ̀: Bí a ṣe ń Dá a Mọ̀ àti Bí a ṣe ń Tún un Ṣe

1. Ìfáàrà
Láti òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà títí dé Agége ni ilé-iṣẹ́ ńlá àti kékeré wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí oníbàárà sì ń tipa Google mọ̀ wọ́n. Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ kan bá ṣàdédé já wálẹ̀ nínú èsì Google, ọjà rẹ̀ lè dẹnu kọlẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé fífọ ìkànnì mọ́ nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ wá ihò tí olè gbà wọlé.

2. Bí a ṣe ń dá a mọ̀
Oríṣi ìkọlù méjì ni a ó mẹ́nu bà. Èkíní hàn gbangba. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹta, ọdún 2015, tí í ṣe ọjọ́ ìdìbò ààrẹ, àwọn kan tí wọ́n pe ara wọn ní Nigerian Cyber Army kọ ọ̀rọ̀ tiwọn sójú ìkànnì INEC, àjọ elétò ìdìbò. Èkejì farasin, òun ni ó sì ń ba ipò ìkànnì jẹ́ jù. Olè yóò kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú-ewé nípa ayédèrú ọjà tàbí tẹ́tẹ́ sínú ìkànnì; Google ni yóò máa fi wọ́n hàn, ojú-ewé tí onìkànnì mọ̀ ni òun yóò sì máa rí.

Láti tú àṣírí yìí, kí a tẹ site: sínú Google, kí a sì so orúkọ ìkànnì mọ́ ọn. Bí ojú-ewé tí a kò kọ rí bá jáde, olè ti wọlé. Search Console, tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, tún lè kìlọ̀ fún onìkànnì. Bí a kò bá rí àmì kankan, ó lè jẹ́ pé Google ló yí ìlànà rẹ̀ padà.

3. Àtúnṣe
Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Lára ohun tí ń la ògiri yìí ni WordPress àti àwọn àfikún rẹ̀ tí a kò sọ di ọ̀tun, àti páásíwọ́ọ̀dù tí ó rọrùn láti mọ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí a ti ìkànnì náà pa fún ìgbà díẹ̀, kí a sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹ̀rí, nítorí pé òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ka irú ìwọlé bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a pààrọ̀ gbogbo páásíwọ́ọ̀dù, kí a sì yọ orúkọ àjèjì kúrò, títí kan inú Search Console. Kí a wá dá ẹ̀dà tí a ti tọ́jú ṣáájú ìkọlù padà. Ṣùgbọ́n ihò àtijọ́ lè wà nínú ẹ̀dà yìí náà. Nítorí náà, kí a dí i kí a tó ṣílẹ̀kùn. Níkẹyìn, bí Search Console bá ti kìlọ̀, kí a ti ibẹ̀ bẹ Google pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ipò àtijọ́ kì í sábà padà lóòjọ́.

4. Ìkádìí
Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí lè wá oníṣẹ́ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Kí ó kàn rántí bi í pé, "Ibo ni olè gbà wọlé?" Bí kò bá rí ìdáhùn gbà, iṣẹ́ kò tíì parí.