AJÁ Ń LÁ OMI DÍDÌ! ṢÙGBỌ́N Ẹ MÁ FI KÓKÒ SÍ I O

Ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n ń ṣe omi dídì fún ajá lè bú sẹ́rìn-ín, á ní ṣé èèyàn rí tirẹ̀ mu tán ni? Ẹ rọra rẹ́rìn-ín ná. Bí oòrùn oṣù kejì àti oṣù kẹta bá ń ta janjan ní Odò-Ọwá Èkìtì, lágbègbè Ìjerò, ajá ọdẹ àti ajá tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù ò ríbi sá sí.

Ajá kì í làágùn bí èèyàn. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń làágùn díẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń yọ ahọ́n, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ooru ara ajá tí ara rẹ̀ dá kì í ju bíi dígíríì 39 lọ. Bó bá kọjá 41, ewu ńlá ti dé.

Ṣíṣe rẹ̀ ò le. Ẹ se egungun màlúù láìfi iyọ̀, ata, Maggi tàbí àlùbọ́sà sí i, nítorí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Bó bá tutù, ẹ fi ṣíbí kó ọ̀rá orí rẹ̀ kúrò. Ẹ má fún ajá ní egungun náà, torí egungun sísè máa ń fọ́ ṣóṣóró, ó sì lè gún un nífun. Ẹ bu omi rẹ̀ sínú ike kékeré, ẹ gé ìbẹ́pẹ pípọ́n tí ẹ ti yọ kóró rẹ̀ sí i, ẹ gbé e sínú fírísà di àárọ̀. Bí iná ò bá sí ńkọ́? Ẹ ra omi dídì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, ẹ bó láílọ́ọ̀nù rẹ̀ dànù, ẹ fọ́ ọ sínú omi tí ajá ń mu.

Ibi tó le jù rèé. Ilẹ̀ kókò ni apá ibẹ̀ yẹn. Ẹlòmíì lè rò pé Milo tàbí Bournvita á mú un dùn. Èèwọ̀! Èròjà kan tó ń jẹ́ theobromine wà nínú kókò. Ara èèyàn tètè ń lọ̀ ọ́, ti ajá kì í tètè lọ̀ ọ́. Ajá á máa bì, àyà rẹ̀ á máa sáré, gìrì á mú un, ó sì lè kú. Kókò tí ẹ sá sórí ẹní le ju ti inú agolo lọ. Ẹ lé ajá kúrò níbẹ̀.

Bí ooru bá mú ajá débi tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ má ki omi dídì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòòji, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Ajá tó ń gbó lóru kí olè má baà kó ọjà yín lọ, ṣé omi tútù pọ̀ jù fún un?